Kí ọmọ tó gun ọ̀pẹ gíga

Ẹ̀yin àgbà akọ̀pẹ tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ni mò ń bá wí lónìí.

Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀. Ọ̀pẹ tuntun tí wọ́n ń mú jáde, bó bá ṣì kéré, orí ìdúró la ti ń gé eyìn rẹ̀. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lára irú rẹ̀ nìkan kò tíì mọ igbà lò. Ẹ má tíì rán an gun ọ̀pẹ gíga inú igbó.

Àkọ́kọ́, kó máa yẹ igbà wò láràárọ̀, títí dé ojú ibi tí a ti so ó. Èyí tó bá ti gbó, ẹ gé e sọnù.

Ìkejì, ọ̀pẹ kúkurú ni kó kọ́kọ́ gùn. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má dúró sábẹ́ rẹ̀.

Ìkẹta, bí òjò bá dé tàbí tó rí oyin, kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe ojo.

Ìkẹrin, kó má gun ọ̀pẹ olóko láìgbàṣẹ. Kó má sì gé eyìn tí kò pọ́n, epo rẹ̀ kì í pọ̀.

Bí ẹnì kan bá já bọ́, ẹ má fà á dìde, ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ tẹ́ ẹ sórí pákó gbọọrọ, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ má yẹ̀, kí ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ rèé: ta ló yẹ igbà ọmọ yín wò láàárọ̀ yìí?