Ṣọ́ọ̀ṣì Àwọn Ará Cartmel

Ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí etí òkun Morecambe, ni abúlé kékeré kan wà tí a ń pè ní Cartmel. Ẹnu a máa ya àlejò tí ó bá kọ́kọ́ rí ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tí ó ga fíofío láàrin àwọn ilé kéékèèké ibẹ̀.

Ìjòyè ńlá kan, William Marshal, ni ó dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1190. Àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Augustine Mímọ́ ni ó fi í fún, àwọn tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kì yóò gbéyàwó, tí wọ́n sì ń gbé pọ̀ lábẹ́ olórí kan. Ṣùgbọ́n a ya pẹpẹ kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn ará abúlé, a sì yan àlùfáà tí yóò máa ṣe ìsìn fún wọn. Ohun kékeré ni èyí lójú ẹni tí kò mọ ohun tí ọ̀la yóò bí.

Ní ọdún 1536, Ọba Henry Kẹjọ pàṣẹ pé kí a tú irú ilé ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀ ká, kí ilẹ̀ àti ọrọ̀ wọn sì di ti ọba. Ní ọdún kan náà, àwọn ará àríwá ṣọ̀tẹ̀ sí i, àwọn àlùfáà Cartmel sì padà sí ilé wọn. Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Ní 1537, a yẹgi fún díẹ̀ nínú wọn, pẹ̀lú àwọn ará abúlé tí ó tì wọ́n lẹ́yìn.

Ó wá ku ṣọ́ọ̀ṣì. Níbi púpọ̀ ni a ti wó irú rẹ̀ palẹ̀, tí a sì ta òkúta rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará Cartmel kò ní ilé ìsìn mìíràn, pẹpẹ wọn sì ti wà nínú èyí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ ọba béèrè bóyá kí àwọn wó o, èsì tí ó dé ni pé kí ó dúró.

Ó dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ká òjé orí òrùlé rẹ̀ lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tí ìbòrí wà ni àwọn ará abúlé ti ń jọ́sìn. Fún nǹkan bí 80 ọdún ni òjò fi ń rọ̀ sórí àwọn àga onígi tí àwọn àlùfáà ń jókòó sí, tí a gbẹ́ ère oríṣiríṣi sí lára. Ní 1618 ni George Preston, ọlọ́rọ̀ kan ní Holker nítòsí, tún òrùlé náà ṣe.

Ilé ẹnu-ọ̀nà àwọn àlùfáà náà ṣẹ́kù. Ó di ilé ẹ̀kọ́ láti 1624 títí di 1790. Àwọn àga náà ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àmì òjò sì wà lára wọn.