Ẹ̀yin Ọ̀gá, Ẹ Béèrè Bí Owó Ṣe Wọlé

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́ lábẹ́ yín, ì báà jẹ́ báńkì ni ẹ ń darí tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ gba ọmọ méjì sí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọ̀pọ̀ jìbìtì tó ń ba ilé-iṣẹ́ jẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ olè. Ẹnu ọ̀gá tí kì í jalè rárá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ tó bá ní, "Ohun tó bá gbà ni kí ẹ fún un, kí owó ṣáà ti wọlé." Lójú tirẹ̀, ó ń kì wọ́n láyà ni. Ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ gbọ́ ni pé ọ̀gá kò fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Ẹ wo Wells Fargo, ọ̀kan nínú àwọn báńkì tó tóbi jù lọ ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ fẹ́ kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan mẹ́jọ lọ́dọ̀ wọn: akáńtì, káàdì, ẹ̀yáwó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kò tó tágẹ́ẹ̀tì yìí, wọ́n ń ṣí akáńtì lórúkọ oníbàárà tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àṣírí tú ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Ìtanràn tí wọ́n kọ́kọ́ bù fún báńkì náà jẹ́ mílíọ̀nù 185 dọ́là, nǹkan bí 5,300 òṣìṣẹ́ sì ti pàdánù iṣẹ́ wọn. John Stumpf tó jẹ́ ọ̀gá àgbà kúrò nípò ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí akáńtì èké, síbẹ̀ ní 2020 wọ́n fòfin dè é títí ayé pé kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ báńkì mọ́, ó sì san mílíọ̀nù 17.5 dọ́là.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn ọmọ wa tó ń ṣe mákẹ́tìn fún báńkì mọ ohun tí tágẹ́ẹ̀tì ń fojú ẹni rí. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn nínú oòrùn, fáìlì lábíyá, ó ń wá ẹni tí yóò kó mílíọ̀nù wá sí báńkì rẹ̀. Bí olówó kan bá ní kó wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ti sọ pé ẹni tí kò bá mú owó wá kó máa lọ sílé, ta ló tì í sínú ewu? Bí owó náà bá wọlé, tí ọ̀gá yìn ín níwájú gbogbo ènìyàn láìbéèrè nǹkan kan, ẹ rántí ohun tí àwọn àgbà wí: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

Linda Treviño àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti fi ọjọ́ pípẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní ọdún 2000 pé apá méjì ni ìdarí oníwà rere ní. Kí ọ̀gá jẹ́ olóòótọ́ fúnra rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Èkejì ni kó jẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ rí i pé òótọ́ ni òun ń yìn, pé èrú ni òun ń bá wí. Èkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ti ń kùnà. Wọn kò gba rìbá rí, ṣùgbọ́n wọn kò là á mọ́lẹ̀ rí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í rí inú ọkàn yín. Ẹni tí ẹ gbé ga àti ohun tí ẹ gbójú fò ni wọ́n ń wò.

Nítorí náà, ẹ má gbé tágẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ láì kọ́kọ́ bi àwọn tí yóò ṣe é bóyá ó ṣeé ṣe. Ẹ má pa àṣẹ lẹ́nu tí ẹ kò lè kọ sílẹ̀ kí ẹ fọwọ́ sí. Bí ẹnì kan bá mú ìròyìn burúkú wá, ẹ má jágbe mọ́ ọn, nítorí ọjọ́ tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan pamọ́ fún yín. Bí èrè bá sì pọ̀ lójijì, ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ béèrè ibi tó ti wá.

Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti gba ẹ̀mí là rí nílẹ̀ wa. Ní oṣù Keje 2014, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é ní ọsibítù tó dé. Dókítà Stella Adadevoh tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà dókítà níbẹ̀ kò fi mọ síbẹ̀. Ó tún bi aláìsàn náà léèrè ọ̀rọ̀, ó fura, ó sì fi tó ìjọba létí. Àwọn aṣojú Làìbéríà ní kó fi ọkùnrin náà sílẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 péré, Sawyer pẹ̀lú, ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn ló kú. Bó bá jẹ́ pé ó tú u sílẹ̀ sáàárín ìgboro Èkó ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ọ̀gá ń pàṣẹ fún, ọwọ́ ta ló wà lórí ìwé ni wọn yóò kọ́kọ́ wò bí wàhálà bá dé. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò kà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe ohun tí kò tọ́, ẹ má bá àgbà jà, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ padà: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ní kí n kọ ₦80,000 sí rìsíìtì ọjà tí a rà ní ₦50,000. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe é?" Ọ̀gá tó bá rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú ìwé lè tún inú rò. Bí kò bá yí padà, ẹ tọ́jú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà, ẹ má ṣe é, kí ẹ sì máa wá iṣẹ́ mìíràn ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, owó ilé àti owó iléèwé ọmọ sì ń dúró. Síbẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé ẹjọ́ yóò pẹ́ kó tó rí ẹni tí yóò tún gbé kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lé e lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọ yín dé ibẹ̀ yẹn. Nínú ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ tó béèrè iye tó wọlé, ẹ kọ́kọ́ béèrè bó ṣe wọlé, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ èsì rẹ̀.