Àyẹ̀wò Agbára Ẹ̀dọ̀fóró fún Ọmọ tí Ásímà Ń Yọ Lẹ́nu Bí Ó Bá Sáré

Ìfáárà
Ní àwọn ilé-ìwé Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò, bí ó ti rí káàkiri Èkó, eré ìdárayá jẹ́ ara ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn yóò sáré dé òpin, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, àyà wọn a há, èémí wọn a sì máa dún bí fèrè. Olùkọ́ tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé kò tó kí a wọn èémí ọmọ nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́. A gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n ṣáájú eré àti lẹ́yìn eré.

Ohun tí ó ń fà á
Bí a bá ń mí jẹ́jẹ́, imú a máa mú kí afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó sì rin, kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tí ó ń sáré a máa fi ẹnu mí, afẹ́fẹ́ a sì gbẹ ọ̀nà èémí rẹ̀. Bí ó bá ní ásímà, iṣan tí ó yí ọ̀nà náà ká a fún un pọ̀. Ọyẹ́, eruku àti èéfín ọkọ̀ títì Èkó sí Àgbádárìgì lè dá kún un. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1998 lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Kẹ́ńyà fi hàn pé ìṣòro yìí pọ̀ láàrin ọmọ ìlú ńlá ju ọmọ ìgbèríko lọ.

Bí a ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà
Ohun èlò kékeré tí a ń pè ní peak flow meter ni a lè lò. Ọmọ yóò dìde dúró, yóò fa èémí sínú dáadáa, yóò fi ètè bo ẹnu ohun èlò náà pinpin, yóò sì fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú gbogbo agbára. A ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ó sì kọ iye tí ó ga jù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò sáré kíkan fún ìṣẹ́jú 6 sí 8. A ó tún wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú 5, 10, 15, 20 àti 30 lẹ́yìn tí ó bá dúró, nítorí pé lẹ́yìn eré ni ìṣòro náà sábà máa ń le jù.

Fún àpẹẹrẹ, bí iye àkọ́kọ́ bá jẹ́ lítà 300 ní ìṣẹ́jú kan, tí èyí tí ó kéré jù lẹ́yìn eré jẹ́ 240, èémí ti fi 60 dín, èyí tí í ṣe ìdá 20 nínú 100. Bí ó bá ti tó ìdá 15, ó yẹ kí dókítà yẹ ọmọ náà wò.

Iṣẹ́ olùkọ́
Àyẹ̀wò yìí lè mú kí ásímà dìde. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ ìlera ni kí ó ṣe é, kí oògùn salbutamol tí a ń fà sí ẹnu sì wà nítòsí. Ti olùkọ́ ni láti ṣàkíyèsí ìgbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fi tó òbí létí.

Àgbálọgbábọ̀
Ásímà kò ní kí ọmọ má sáré. Ọmọ tí a bá tọ́jú dáadáa lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ olùkọ́, kí a tó pe ọmọ ní ọ̀lẹ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí bí èémí rẹ̀ ti rí.