Ẹ̀sọ̀, Ráútà àti Ọrùn Gìtá

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí kò fẹ́ àlàyé. Ibi tó ti bá iṣẹ́ mu jù lọ ni orí tábìlì ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ráútà gbẹ́ pátákó ọrùn gìtá, ìyẹn pẹlẹbẹ igi líle tí olórin ń tẹ okùn mọ́. Ìkánjú ló ń ba ọ̀pọ̀ pátákó bẹ́ẹ̀ jẹ́. Ẹni tó fẹ́ parí lẹ́ẹ̀kan á ti irin ráútà bọ igi jinlẹ̀, igi á ya, ojúlówó igi apá tó ti gbẹ dáadáa á sì di igi ìdáná. Ó ń dunni.

Igi ebony wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí lókè òkun. Ní 2011, Taylor Guitars ti Amẹ́ríkà àti Madinter ti Spéènì ra ilé ìlagi Crelicam ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, Taylor sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ebony abilà tí wọ́n ti ń pa tì sínú igbó tẹ́lẹ̀. Káfíńtà ilẹ̀ wa kò ní láti wá a dé ibẹ̀. Igi apá tiwa náà le, kì í sì í sábà lọ́ tó bá ti gbẹ.

Kí pátákó tó kúrò ní pẹrẹsẹ ni kí wọ́n ti fi ayùn la ojú tí fúrẹ́ẹ̀tì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dábùú pátákó, yóò wọ̀. Bí okùn bá gùn ní íǹṣì 25.5, wọ́n á fi 17.817 pín in: fúrẹ́ẹ̀tì kìíní á bọ́ sí íǹṣì 1.431 láti ìbẹ̀rẹ̀ okùn. Èyí tó kù ni wọ́n á tún fi 17.817 pín, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa bá a lọ. Ìkejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìdajì okùn gẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn náà ló kan jíìgì, ìyẹn ohun tó ń darí ráútà. Ojú pátákó máa ń yọ láàárín, á sì rọra lọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, bí ẹni gé e lára òbìrí. Láti àárín òbìrí náà dé etí jẹ́ íǹṣì 7.25 lára gìtá Fender àtijọ́, 12 lára ọ̀pọ̀ gìtá Gibson. Ti gìtá kílásíkà sábà máa ń tẹ́. Pláíwúùdù méjì tí wọ́n gé ní rìbìtì ló ń dúró lórí àti ní ìdí pátákó. Férémù tó gbé ráútà á máa yọ̀ lórí wọn. Ibí ni wọ́n ti máa ń ṣì í: bí pláíwúùdù bá fi ìdajì íǹṣì ga ju ojú igi lọ, 12.5 ni kí wọ́n gé e kí igi tó lè jẹ́ 12, torí àárín kan náà ni pláíwúùdù àti igi ní.

Kí ráútà máa jẹ igi ní mílímítà kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Títí dé ibí, òwe jàre.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá ń pariwo “Rọra! Rọra!” sí ọmọ iṣẹ́ láìsọ ibi tí yóò ti rọra ń ṣì í lọ́nà ni. Irin ráútà lè yí ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ọwọ́ bá ń fà, irin kò gé igi mọ́, ó kàn ń fara ra á ni. Igi á jó dúdú, irin fúnra rẹ̀ á sì kú. Jíjìn ni ẹ̀sọ̀ wà fún. Ìrìn ọwọ́ gbọ́dọ̀ yá, kó sì dọ́gba. Agbára náà ní àyè tirẹ̀: pátákó tí wọn kò bá dè mọ́lẹ̀ pinpin á fò.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò tún bá ẹ̀sọ̀ kankan mu. Bí iná bá rẹlẹ̀, irin á falẹ̀, á sì fa igi ya. Kí wọ́n gbé ráútà kúrò lójú igi lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ náwó lórí iṣẹ́ yìí, kó má wulẹ̀ ra jíìgì òkè òkun. Kó ra irin ráútà tuntun tó mú, àti ìbomú, torí eruku igi líle kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.