Ojúṣe Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Ẹ̀kọ́ Tirẹ̀

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ní àkókò àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, ó yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ń pọ̀n kọjá inú ìwé lónìí tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀ rárá.

Nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹta, olùkọ́ ìṣirò wa kì í fi báírò pupa tọ́ka sí ibi tí a ti ṣì í. Ohun tí ó máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé wa ni pé mẹ́ta kò tọ̀nà, kí a lọ wá wọn rí. Àwọn kan kùn pé ó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Iṣẹ́ tiwa gan-an ni ó ń dá padà fún wa.

Ìwé Mímọ́ ti ọ̀nà yìí lẹ́yìn. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ni olùkọ́ àwọn ará Bèróà, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá inú Ìwé Mímọ́ láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó sọ rí. A kò kà á sí àfojúdi fún wọn; ìyìn ni wọ́n gbà. Olúwa wa pàápàá, ní ọmọ ọdún 12, jókòó láàárín àwọn olùkọ́, ó ń gbọ́, ó sì ń bèèrè.

Ìran wa náà ní àpẹẹrẹ. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí, ọmọ Òṣóògùn, kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ìtàn rẹ̀ sọ pé ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó tọrọ ààbọ̀ pẹ́nì lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kan, ó sì fi ra káàdì ABC ti ara rẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun, wọ́n sì fi í ṣe mọ́nítọ̀. Ní 1827 ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù, Samuel Àjàyí Crowther. Àwọn míṣọ́nnárì fún un ní olùkọ́, ṣùgbọ́n òun ni ó wá owó káàdì.

Ní Ìlọrin níbí, ẹ wo ilé kéú àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń di wàláà mú, tí ó ń ka ohun tí ó wà lára rẹ̀ títí yóò fi lè kà á fún àfáà rẹ̀. Kò sí òbí tí ó lè bá a kà á.

Kí ni a wá ń rí ní àkókò ìdánwò WAEC àti NECO? Àwọn òbí kan ń sanwó ní ibi tí wọ́n ń pè ní miracle centre, kí ẹlòmíràn lè bá ọmọ wọn dáhùn ìbéèrè. Òfin ọdún 1999 ka èyí sí ọ̀ràn. Fún àwa Kristẹni, fífi orúkọ iṣẹ́ ìyanu pe olè jíjà tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà yóò gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n yóò dé yunifásítì láìmọ bí a ti ń dá rìn.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó bèèrè ipò tí ọmọ gbé, ẹ bèèrè ohun tí kò mọ̀ ní àná tí ó mọ̀ lónìí, àti bí ó ti ṣe wá a rí. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ka ìwé kí olùkọ́ tó wọlé. Ẹ pa ìwé dé kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè ìdánwò àtijọ́. Ẹ sì ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ àṣìṣe yín sí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, bí a bá fi ìwé ta ilé-ìkàwé lọ́rẹ, ẹ jẹ́ kí a rí i pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò máa gbé inú àpò àgbà.

Kí Ọlọ́run fún àwọn olùkọ́ wa ní sùúrù láti sọ ọmọ kalẹ̀, kí Ó sì fún àwọn ọmọ wa ní agbára láti fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn.