Ìsàba àti Ìràdọ̀bò: Ìtọ́jú Òròmọdìẹ Nínú Ilé Tí Ológbò Wà

1. Ìṣòro. Bí a bá lo 'ìsàba' fún incubator àti brooder bákan náà, iṣẹ́ méjì ni a dà pọ̀. Ẹyin ni àgbébọ̀ ń sàba lé fún ọjọ́ 21. Òròmọdìẹ ni ó ń ràdọ̀ bò. Ooru ẹ̀rọ ìsàba kì í kúrò ní nǹkan bí 37.5°C. Ooru òròmọdìẹ a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 35°C, a sì ń fi bí 3°C dín in kù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí ìyẹ́ wọn yóò fi hù tán.

2. Àbá. 'Àpótí amóoru' kò tó, nítorí ooru nìkan ni ó dárúkọ. Àgbébọ̀ tí ó ràdọ̀ bo ọmọ ń mú wọn móoru, ó sì ń dáàbò bò wọ́n. Òròmọdìẹ kò mọ àwòdì, ìyá rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ológbò. Nítorí náà, 'àpótí ìràdọ̀bò' ni a dábàá.

3. Ìlò. Àpótí ìràdọ̀bò gbọ́dọ̀ ní ìdérí tí ológbò kò lè ṣí. Kí ojú àwọ̀n irin rẹ̀ má ju mílímítà 13 lọ, kí ọwọ́ ológbò má baà wọlé. Kí a so gílóòbù rẹ̀ pinpin, kí ológbò má baà bì í ṣubú, kí ilé sì gbiná. Kí a máa ti ilẹ̀kùn yàrá náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi 'amóoru' kọ́ lè gbàgbé ìdérí. Ẹni tí ó gbọ́ 'ìràdọ̀bò' yóò bèèrè ohun tí a fi bo àwọn ọmọ náà.