Ẹ Má Da Epo Sí I Lẹ́nu: Ṣúgà Ló Tán Lára Ọmọ Ajá Yín

Ní ilé ìwòsàn ẹranko wa, a ti mọ òórùn tó máa ń ṣáájú wọn wọlé: òórùn epo pupa. Ọmọ ajá tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, epo lẹ́nu, epo nímú, epo láyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹni tó gbé e wá á ní, "Dókítà, wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. A ti fún un lépo, kò sì dìde." A ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà, ẹ̀rọ á sì fi hàn pé ṣúgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò fún un ní májèlé. Ebi ló pa á, epo ló sì bá ebi parí iṣẹ́.

Kí ló ṣe é?

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Lára ajá tí ara rẹ̀ dá, ó máa ń wà láàárín 80 sí 120 mg/dL. Bó bá ti wálẹ̀ kọjá 60, ó ti kéré jù. Bó bá tún lọ sílẹ̀ sí i, ajá á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á máa gbọ̀n, gìrì á sì mú un. Ẹ̀dọ̀ ajá àgbà ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ de ìgbà ebi. Ti ọmọ ajá kò tíì lè kó púpọ̀ pamọ́, pàápàá àwọn tí ìran wọn kéré bíi Lhasa, Maltese àti Chihuahua, láti ọ̀sẹ̀ 6 títí dé nǹkan bí oṣù 4. Kó fo oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán, kí aràn wà nínú rẹ̀, kí òtútù mú un tàbí kó máa yàgbẹ́ gbuuru, ṣúgà ti ń tán nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọmọ ajá lẹ́bàá títì ní Èkó, tí ẹ ń gbé e sínú páálí wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, ẹ gbọ́. Ẹni tó tà á fún yín á ní kí ẹ má fún un lóunjẹ, kó má baà bì sínú ọkọ̀. Ẹ fún un lóunjẹ. Bó bá bì, ẹ ó nù ún.

Epo pupa

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí tán pátápátá, nítorí òun ló ń gba ọmọ ajá mọ́ wa lọ́wọ́.

Ajá tí gìrì mú kò lè gbé nǹkan mì. Ohunkóhun tí ẹ bá dà sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà èémí, kó bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Epo tó bá sì wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde bọ̀rọ̀. Inú ibẹ̀ á wú. Ajá tó jí lónìí lè máa húkọ́ lọ́la, kó kú lọ́túnla. Ṣúgà tó tán, a lè dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Epo inú ẹ̀dọ̀fóró, a kò ní ohun tí a ó fi fà á jáde.

Ẹ ní epo lẹ̀rọ̀. Lójúbọ, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ọ̀fun ọmọ ajá tí kò mọ ibi tó wà mọ́, ikú ni.

"Ajá àbúrò mi ńkọ́? Wọ́n fún un lépo, ó sì dìde." Kò sí ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ tó o. Gìrì kì í sábà ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ kó tó dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, nítorí ara ajá náà ń sáré tu ìwọ̀nba ṣúgà tó kù sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá da epo sí i lẹ́nu ní àsìkò yẹn, epo á gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe. Ajá tó dìde, gbogbo àdúgbò ló ń ròyìn rẹ̀. Èyí tí epo pa, wọ́n á ní májèlé náà le jù. Bí irọ́ yìí ṣe ń pẹ́ láyé nìyẹn.

Ká tiẹ̀ ní májèlé ni lóòótọ́. Epo kì í pa oró májèlé. Kì í pa ti oògùn eku, kì í pa ti oògùn kòkòrò. Àwọn oògùn kòkòrò kan tiẹ̀ ń yọ́ nínú ọ̀rá, epo sì lè bá oró wọn wọnú ara kíákíá. Bó bá jẹ́ ebi, ẹ má fún un lépo. Bó bá jẹ́ májèlé, ẹ má fún un lépo. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ má fún un lépo. Báwo la ṣe tún fẹ́ sọ ọ́?

Mílíìkì agolo, omi àgbọn, ẹyin tútù: ibi kan náà ni gbogbo wọn ń gbà pa á. Àgbo gìrì ló tún burú jù, èyí tí wọ́n ń fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe fún ọmọdé. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Nàìjíríà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbo yìí ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ń dí èémí lọ́wọ́. Ṣé ẹranko tí ṣúgà ti tán lára rẹ̀ lẹ wá fẹ́ fi í tọ́jú?

Ohun tí ẹ ó ṣe

Ẹ wá oyin. Bí kò bá sí, ẹ fi omi díẹ̀ po gúlúkóòsì tàbí ṣúgà títí yóò fi ki. Ẹ fi ìka bọ̀ ọ́, kí ẹ fi pa ẹran ìdí eyín rẹ̀ àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Pípa la wí, a kò ní kí ẹ dà á. Ìdajì ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì ti tó ọmọ ajá kékeré lẹ́ẹ̀kan. Bí gìrì bá ṣì ń mú un lọ́wọ́, ẹ má ki ìka bọ àárín eyín. Ẹ gba abẹ́ ètè pa á. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ fi aṣọ wé e kó lè móoru. Ẹ má da omi tútù lé e lórí.

Ó yẹ kí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10. Bó bá ti lè gbé orí dúró, tó sì ń gbé nǹkan mì fúnra rẹ̀, ẹ fún un lóunjẹ gidi, torí ṣúgà tí ẹ fi pa á kì í pẹ́ lára. Ó jí o, kò jí o, ẹ gbé e wá.

Ajá kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ rárá: èyí tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, tí ìwà rẹ̀ yí padà, tó ń da itọ́, tó ń bu ènìyàn jẹ. Ẹ tì í mọ́ ibì kan, ẹ pe dókítà ẹranko. Bó bá ti bu ẹnìkan jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹni náà sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àmì

Oorun àsùnjù, ìrìn ọ̀mùtí, ojú tó là sílẹ̀ tí kò wo nǹkan kan, ara gbígbọ̀n. Ẹ má dúró de gìrì.

Ajá àgbà

Bí ajá yín bá ń gba abẹ́rẹ́ insulin, èyí tó ń já ṣúgà wálẹ̀, tó sì kọ oúnjẹ, ẹ má gún un kí ẹ tó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ṣọ́ ṣíngọ́ọ̀mù tí kò ní ṣúgà àti bọ́tà ẹ̀pà ilẹ̀ òkèèrè. Bí ẹ bá rí "xylitol" lára ike rẹ̀, ó lè já ṣúgà ajá wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30, kó sì ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ajá arúgbó tí gìrì ń mú léraléra nílò àyẹ̀wò.

Ìdènà

Oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ó kéré tán, títí yóò fi pé oṣù 4. Oògùn aràn láti ọ̀sẹ̀ 2. Ibi tó móoru lóru.

Bí ẹ bá ń bọ̀

Ẹ mú ike ohun tó jẹ dání, àti ìgò insulin rẹ̀ bó bá ń gbà á. Ẹ sọ ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Bí ẹ bá ti da epo tàbí àgbo sí i lẹ́nu, ẹ sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà, ẹ má fi pamọ́. A kò ní í bá yín jà; a fẹ́ mọ̀ bóyá a ó tọ́jú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn ni.